Àfọ́kù gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Ìkòkò Idẹ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Sáà Àárín

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ìkòkò ìdáná tí wọ́n fi idẹ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sáà àárín, pàápàá láti ọ̀rúndún kẹtàlá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Odidi ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lónìí. Ohun tí ó pọ̀ ni ẹsẹ̀, etí, ètè àti àfọ́kù ara wọn tí wọ́n ń hú jáde nínú oko. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé àìrí odidi ìkòkò kì í ṣe ẹ̀rí pé àwọn mẹ̀kúnnù kò ní in. Ìníyelórí idẹ gan-an ni ó dá ìkòkò padà sínú iná. Iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rí inú ìwé, ẹ̀rí ibi ìdàdẹ àti ẹ̀rí àfọ́kù yẹ̀ wò, ó sì tọ́ka sí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ìtàn ní ilẹ̀ Yorùbá lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀ tí ó wà kò tẹ́jú. Àwọn asúdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń yọ́ idẹ, mọ òtítọ́ yìí ní sáà àárín, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà lò ó. Dípò kí wọ́n gbé ìkòkò ka orí ààrò mẹ́ta, ńṣe ni wọ́n da ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́ ìdí ìkòkò fúnra rẹ̀. Ìkòkò bẹ́ẹ̀ a máa ru ààrò tirẹ̀ kiri: ibi yòówù tí wọ́n bá gbé e sí, igi àti èédú ni ó kù tí wọn yóò kó sí abẹ́ rẹ̀.

Sáà tí àwọn òpìtàn ilẹ̀ Yúróòpù ń pè ní sáà àárín ni ẹgbẹ̀rún ọdún tí ó wà láàárín ìṣubú ìjọba Róòmù ní ìwọ̀-oòrùn, ní ọ̀rúndún karùn-ún, àti òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí láti wo ohun èlò ìdáná sáà yìí, àpáàdì àti ìkòkò amọ̀ ni yóò rí jù. Yóò rí ìkòkò idẹ díẹ̀, àwọn tí ó sì máa ń rẹwà jù nínú wọn a máa jẹ́ ti ààfin tàbí ti ilé olówó. Èrò tí ó lè tètè sọ sí i lọ́kàn ni pé amọ̀ ni ti mẹ̀kúnnù, idẹ sì ni ti ọlọ́lá. Èrò yìí bọ́gbọ́n mu lójú, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Láti mọ ìdí tí kò fi tọ̀nà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìkòkò náà jẹ́.

Irúfẹ́ ìkòkò àti irúfẹ́ idẹ

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi idẹ ṣe ohun èlò ìdáná. Èkíní ni lílù: wọn yóò fi òòlù lu idẹ títí yóò fi di pẹlẹbẹ, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ bí agbada, tàbí kí wọ́n fi ìṣó kan abala púpọ̀ pọ̀ mọ́ra. Ọ̀nà yìí ni ó pẹ́ jù. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú ibojì inú ọkọ̀ ojú omi ní Sutton Hoo ní 1939, èyí tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún keje, wọ́n bá ìkòkò ńlá tí wọ́n fi idẹ lílù ṣe níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin gígùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ sórí iná láti ara igi àjà.

Ọ̀nà kejì ni dídà: wọn yóò yọ́ idẹ, wọn yóò sì dà á sínú amọ̀ tí wọ́n ti mọ bí ìkòkò. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ni ìkòkò dídà ti wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oríṣi méjì ni ó gbajúmọ̀ jù. Ọ̀kan ni ìkòkò ńlá, oníkùn roboto, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ó ní etí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Àwọn etí wọ̀nyí kì í rí róbótó. Wọ́n máa ń ní ìgun bí ìgunpá ọwọ́ ènìyàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ìwọ̀ irin kọ́ láti gbé e. Èkejì kéré, ó dà bí ìṣaasùn, òun náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọwọ́ gígùn kan ṣoṣo ni ó ní, tí ó yọ síta kí iná má baà jó ẹni tí ń se ọbẹ̀. Ìkòkò ńlá ni wọ́n fi ń se ọkà, ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti ẹran díẹ̀ pọ̀ títí yóò fi ki bí àsáró. Oúnjẹ yìí ni púpọ̀ nínú àwọn ará abúlé ń jẹ lójoojúmọ́. Ìkòkò kékeré ni wọ́n fi ń se ohun tí kò pọ̀ tàbí tí ó gba ìtọ́jú.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín. Ní èdè Yorùbá, idẹ ni orúkọ tí a ń pe bàbà tí wọ́n bá lú mọ́ tánganran, idẹ kan náà sì ni a ń pe èyí tí wọ́n bá lú mọ́ síǹkì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sáà àárín; ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò kì í sábà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kedere. Àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lóde òní ni ó fi ìyàtọ̀ hàn. Bàbà, tánganran àti òjé tí ó pọ̀ díẹ̀ ni ó sábà máa ń wà nínú ìkòkò dídà. Òjé kò wọ́n tó bàbà àti tánganran, ó sì ń mú kí idẹ yíyọ́ ṣàn dáradára dé ìkángun gbogbo, kí ó tó dì. Ṣùgbọ́n idẹ tí òjé bá pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣeé lù, nítorí ńṣe ni yóò máa sán lábẹ́ òòlù. Ìdí nìyí tí òjé kì í fi í pọ̀ nínú agbada lílù. Nítorí náà, bí àfọ́kù kan bá wà lọ́wọ́ awalẹ̀pìtàn, ohun tí ó wà nínú idẹ rẹ̀ lè jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá lára ohun èlò lílù ni ó ti wá tàbí lára èyí tí wọ́n dà.

Bí wọ́n ṣe ń da ìkòkò

Iṣẹ́ ńlá ni dída ìkòkò. Asúdẹ yóò kọ́kọ́ fi amọ̀ tí wọ́n ti po mọ́ ìgbẹ́ ẹṣin tàbí koríko mọ inú ìkòkò náà, ìyẹn àlàfo tí ọbẹ̀ yóò wà. Lé e lórí, yóò fi ìda, ọ̀rá tàbí amọ̀ mìíràn ṣe ohun tí yóò nípọn tó ara ìkòkò gan-an. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi amọ̀ bò ó láti òde. Bí ó bá jẹ́ ìda tàbí ọ̀rá ni wọ́n lò, iná yóò yọ́ ọ jáde. Bí ó bá jẹ́ amọ̀, wọn yóò la amọ̀ òde sí méjì, wọn yóò ha ti àárín kúrò, wọn yóò sì tún méjèèjì pa dé. Àlàfo tí ó kù ni wọn yóò da idẹ yíyọ́ sí. Kí amọ̀ inú má baà fara kan amọ̀ òde, wọn a máa fi èérún idẹ pẹlẹbẹ kéékèèké há wọn láàárín. Bí idẹ bá ti dì tán, wọn yóò fọ́ amọ̀ náà. Amọ̀ kan, ìkòkò kan ni.

Gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni ó fi àmì sílẹ̀. Ibi tí amọ̀ òde ti pàdé máa ń fi ìlà tí ó yọ díẹ̀ sílẹ̀ lára ìkòkò láti ọrùn dé ìdí. Èérún idẹ tí wọ́n fi há a máa ń hàn bí àmì onígun mẹ́rin lára rẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n fọ́ ni wọ́n sì ń dà nù sí ẹ̀yìnkùlé ibi iṣẹ́. Irú amọ̀ fífọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde ní agbègbè Bedern ní ìlú York, tí Richards sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1993. Irú rẹ̀ wà ní ìlú Exeter pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n rí fi hàn pé àwọn tí ń da ìkòkò ni ó ń da agogo ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí ọgbọ́n kan náà ni: bí ènìyàn bá yí agogo délẹ̀, tí ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i, ìkòkò ni yóò dà. Theophilus, mọ́ǹkì kan tí ó kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọnà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejìlá, ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá mọ agogo kí wọ́n tó dà á.

Kò yẹ kí iṣẹ́ yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní sáà yìí kan náà ni àwọn asúdẹ Ilé-Ifẹ̀ ń fi ìda àti amọ̀ da àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Wọ́n dá òmíràn nínú wọn láti ara bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan, èyí tí ó ṣòro láti dà ju idẹ lọ. Kì í ṣe pé ọ̀kan kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ èkejì. Iná, amọ̀ àti idẹ ni ó kọ́ àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó kan àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwọn orí Ifẹ̀ kò sí lórí ààrò. Wọ́n wà ní ipamọ́, wọn kò sì padà sínú iná. Ìkòkò kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ìkòkò nínú ìwé

Bí a bá kúrò nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a wọ inú ibi ìkówèésí, ìtàn náà yí padà. Nínú ìwé ìhágún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọ̀dọ̀ ọlọ́lá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, léraléra ni wọ́n ń dárúkọ ìkòkò idẹ. Bàbá a máa fi ìkòkò tí ó dára jù sílẹ̀ fún àrólé, ìyá a máa fi èyí tí ó tẹ̀ lé e fún ọmọbìnrin. Ní àwọn abúlé kan, ìkòkò idẹ wà lára àwọn ohun èlò tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú ilé bí onílé bá kú. Ó di dandan kí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí yóò jogún ilẹ̀ náà. Bí ẹnìkan bá sì jẹ gbèsè tàbí tí ó kọ̀ láti jẹ́ ìpè ilé ẹjọ́ abúlé, ìkòkò rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé, tí wọn yóò fi dógò títí yóò fi dáhùn.

Ìwé tí ó tún wúlò ju ìhágún lọ ni àkọsílẹ̀ ẹrù àwọn ọ̀daràn. Ní ayé ìgbà náà, bí ẹnìkan bá jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá, tí ó bá sá kúrò nílùú tàbí tí ó bá pa ara rẹ̀, ẹrù rẹ̀ di ti ọba. Òṣìṣẹ́ ọba yóò wọ ilé rẹ̀, yóò ka ohun tí ó bá níbẹ̀, yóò sì fi iye lé e. Ìkà ni òfin yìí, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí ó wà nínú ilé tálákà hàn ju ìhágún lọ, nítorí ẹni tí kò ní ohun púpọ̀ kì í sábà kọ ìhágún. Jervis, Briggs àti àwọn akẹgbẹ́ wọn gbé ìwé jáde ní 2023 lórí àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí. Wọ́n fi wọ́n wé ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde ní àwọn abúlé. Ìkòkò àti agbada idẹ wà lára ohun tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n hú. Ní ti ìkòkò amọ̀, òdìkejì ni: àpáàdì kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ọba kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí kò mú owó wá. Ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ń fọ́jú sí ohun tí èkejì ń rí.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìkòkò idẹ fi tàn ká abúlé. Àjàkálẹ̀ àrùn tí ó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1348 pa ènìyàn tí ó tó ìdá mẹ́ta sí ìdajì àwọn ará ilẹ̀ náà láàárín ọdún méjì. Àwọn tí ó kù di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ wọn sì gòkè. Dyer (1989) ṣàlàyé bí ìgbé ayé àwọn mẹ̀kúnnù ṣe dára sí i lẹ́yìn náà: ẹran pọ̀ sí i lórí tábìlì wọn, ohun èlò inú ilé wọn sì dára sí i. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìkòkò ìdáná amọ̀ ń dínkù láàárín àpáàdì tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń rí, ife àti ìṣà sì ń pọ̀ sí i. Àwọn amọ̀kòkò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìkòkò amọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ní àwòkọ ti idẹ. Ẹnìkan kì í wo àwòkọ ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀.

Ìdí tí odidi fi ṣọ̀wọ́n

Bí ìkòkò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, níbo ni wọ́n wọlẹ̀ sí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọn kò wọlẹ̀ rárá. Bí ìkòkò amọ̀ bá fọ́, ó di àpáàdì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ di ìkòkò mọ́, orí ààtàn ni yóò lọ, ibẹ̀ ni yóò sì wà di òní. Bí ìkòkò idẹ bá fọ́, owó ni ó ṣì jẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi ń díye lé e, ìwọ̀n àfọ́kù kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀n odidi. Asúdẹ yóò gba àlòkù, yóò gba àfikún owó díẹ̀, yóò sì fún oníbàárà ní tuntun. Ìkòkò tí ìyá àgbà lò ní ọ̀rúndún kẹrìnlá lè ti di etí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì di ara ìbọn àgbá ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún.

Kí ìkòkò tó dé ibẹ̀ pàápàá, wọn yóò ti tún un ṣe léraléra. Bí ìdí rẹ̀ bá lu, alátùnṣe yóò da idẹ yíyọ́ sí ojú ihò náà, tàbí kí ó fi ìṣó kan abala idẹ mọ́ ọn. Fún agbada lílù, wọ́n a máa ká èérún idẹ pẹlẹbẹ, wọ́n a tì í wọ inú ihò, wọ́n a sì tẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tí àtúnṣe kò bá ṣeé ṣe mọ́ nìkan ni wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ fún yíyọ́.

Ohun tí ó wá mú kí ìkòkò idẹ dínkù pátápátá ni irin. Ní 1707, Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tí ó rí láti fi yanrìn da ìkòkò irin. Ìkòkò irin pọ́n ju ti idẹ lọ ní owó, àwọn ìdílé sì ń gbé ìkòkò idẹ àtijọ́ tà. Ìwé tí Butler àti Green tẹ̀ jáde ní 2003 tọ ipasẹ̀ àwọn asúdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1350 dé 1830, ìyẹn títí di ìgbà tí iṣẹ́ náà fi kógbá sílé.

Ohun tí àfọ́kù ń sọ

Àfọ́kù tí ó bọ́ lọ́wọ́ iná ni èyí tí ó sọnù. Ẹsẹ̀ ìkòkò lè kán nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ètè rẹ̀ lè sán. Àgékù lè jábọ́ nínú àpò olùra àlòkù. Èyí tí ó bá bọ́ sínú eérú ààrò yóò bá eérú dé orí ààtàn, ààtàn yóò sì di ìlẹ̀dú tí àgbẹ̀ ń kó lọ sí oko. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé inú oko tí ọkọ́ ń tú ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde, kì í ṣe inú àwókù ilé nìkan.

Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ aṣàwárí irin wá nǹkan nínú oko ni ó ń rí èyí tí ó pọ̀ jù. Òfin ohun ìṣúra tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1996 kò mú un ní dandan fún ẹni tí ó bá rí ẹsẹ̀ ìkòkò idẹ kan láti fi tó ìjọba létí. Nítorí èyí ni ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, tí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń mójú tó, fi ṣe pàtàkì. Ètò yìí ń rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n fínnúfíndọ̀ mú ohun tí wọ́n bá rí wá fún àkọsílẹ̀. Òṣìṣẹ́ yóò wọ̀n ọ́n, yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò kọ ibi tí wọ́n ti rí i, yóò sì dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lọ́nà yìí ti lé ní 1,500,000, àfọ́kù ìkòkò idẹ sì wà káàkiri nínú wọn.

Kí ni onímọ̀ ń wò lára àfọ́kù? Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀, yóò wo bóyá ó ní ìlà tí ó yọ níwájú, àti bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹranko. Bí ó bá jẹ́ ètè, ìtẹ̀sí rẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n ṣírò bí ẹnu odidi ìkòkò náà ṣe fẹ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ ara, yóò wo ìlà ibi tí amọ̀ ti pàdé, àti àmì èérún idẹ tí wọ́n fi há a. Dúdú èéfín tí ó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ó dé orí iná. Ojú ibi tí ó ti gé tún ṣe pàtàkì: èyí tí ó kán fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi àáké tàbí ìgẹ́ gé, nítorí èyí èkejì ti ń lọ sọ́dọ̀ asúdẹ nígbà tí ó sọnù.

Àwọn àfọ́kù wọ̀nyí kò jáde láti inú ilé ńlá àwọn ìjòyè nìkan. Wọ́n ń jáde nínú ilẹ̀ oko abúlé lásán, ní agbègbè púpọ̀. Wọ́n jẹ́rìí sí ohun tí òṣìṣẹ́ ọba ti kọ sílẹ̀: ìkòkò idẹ wà lórí ààrò mẹ̀kúnnù.

Síbẹ̀, ó yẹ kí olùwádìí ṣọ́ra. Ìrísí àwọn ìkòkò yìí kò yí padà púpọ̀ láàárín ọdún pípẹ́. Nítorí náà, ọjọ́ orí tí wọ́n ń kọ fún àfọ́kù kan a máa gbòòrò, a sì lè tó láti nǹkan bí 1200 sí 1700. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo agbègbè ni àwọn ènìyàn ti ń fi ẹ̀rọ wá nǹkan bákan náà. Wọ́n pọ̀ ní Norfolk, Suffolk àti Lincolnshire, níbi tí oko ti tẹ́jú. Wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní agbègbè olókè tàbí ibi tí ìlú ti bo ilẹ̀. Bí àfọ́kù bá pọ̀ níbì kan, ó lè jẹ́ pé àwọn olùwá ni ó pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ìkòkò.

Àwọn tí ó bọ́

Bí odidi ohun èlò idẹ kan bá wà di òní, ó sábà máa ń jẹ́ pé ohun kan mú un kúrò lórí ààrò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ní Frensham, ní agbègbè Surrey, ìkòkò bàbà ńlá kan wà tí John Aubrey ti kọ nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ àwọn iwin ni wọ́n ti yá a, àti pé ẹni tí ó yá a kò dá a padà lọ́jọ́ tí ó dá. Láti ìgbà náà ni àwọn iwin kò ti yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́. Ìtàn yìí pẹ̀lú odi ṣọ́ọ̀ṣì ni ó gba ìkòkò náà lọ́wọ́ asúdẹ. Ta ni yóò yọ́ ohun ìní iwin?

Èyí tí ó kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1896, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Kumasi, olú ìlú àwọn Aṣáńtì ní ilẹ̀ tí ó di Gánà, wọ́n bá ìṣà idẹ ńlá kan nínú ààfin, wọ́n sì kó o lọ. Àmì ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ayé Richard Kejì, láàárín 1390 sí 1400, ni wọ́n dà á. Ó wúwo ju kílò 18 lọ. Omi tàbí ọtí ni ìṣà wà fún, kì í ṣe ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n dídà tí wọ́n fi ń da ìkòkò náà ni wọ́n fi dà á. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti dà á, ìba díẹ̀ nínú irú rẹ̀ ni ó kù. Ní Kumasi, ó di ohun ọ̀wọ̀ ààfin, kò sì sí ẹni tí ó ronú àtiyọ́ ọ. Àwọn Aṣáńtì ni ó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá fi ogun gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ìrísí ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà rìn jìnnà. Nígbà tí irin rọ́pò idẹ, ìrísí yẹn kò yí padà, àwọn ará Yúróòpù sì gbé e kọjá òkun. Ní Kúbà, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìran Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, inú ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń kó àwọn irin Ògún sí. Ìkòkò tí ó ti di ojúbọ kò sí lórí àtẹ olùra àlòkù mọ́.

Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ ìtàn

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò idẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ń kiri láti àdúgbò dé àdúgbò, wọ́n ń ra ìkòkò àlúmíníọ̀mù tí ó ti lu, bàsíà idẹ ìyá àgbà, àti èérún ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń gbé àlúmíníọ̀mù lọ fún àwọn tí yóò yọ́ ọ, tí wọn yóò sì dà á sí ìkòkò tuntun. Kò sí ibi nínú òwò yìí; òun ni kì í jẹ́ kí ohun rere ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì bá kọjá, tí awalẹ̀pìtàn bá wa ilẹ̀ agbo ilé kan, àpáàdì ni yóò bá, ó sì lè kọ ọ́ pé amọ̀ nìkan ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń dáná.

Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ lè ṣe. Èkíní, kí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa bi ohun tí ó ṣẹ́kù léèrè pé, kí ló dé tí ìwọ fi wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ kò sí? Èkejì, kí ó mú àfọ́kù wọ kíláàsì. Ètè ìkòkò kan tí ó kán tó láti fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ̀n, bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán, àti bí wọ́n ṣe ń fi abala ṣírò odidi. Ẹ̀kẹta, kí ó tẹnu mọ́ ibi tí wọ́n ti rí nǹkan. Ẹsẹ̀ ìkòkò tí ibi tí ó ti wá bá sọnù kò yàtọ̀ sí irin àlòkù. Èyí tí wọ́n kọ ibi tí ó ti wá sílẹ̀ ti di ìwé ìtàn. Bí ó bá sì jẹ́ ohun àtijọ́ tòótọ́ ni wọ́n hú jáde níbi tí wọ́n ń kọ́lé tàbí tí wọ́n ń dá oko, àjọ tí òfin 1979 dá sílẹ̀ láti máa mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní Nàìjíríà ni ó yẹ kí wọ́n fi tó létí, kí ó tó dé orí òṣùwọ̀n olùra.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìkòkò idẹ kò ṣọ̀wọ́n ní ilé mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òpin sáà àárín, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ohun tí ó ṣẹ́kù. Ìwé ìhágún àti àkọsílẹ̀ ẹrù àwọn ọ̀daràn dárúkọ rẹ̀. Amọ̀ fífọ́ York àti Exeter fi ibi tí wọ́n ti dà á hàn. Ẹsẹ̀ àti ètè tí ń jáde nínú oko fi ibi tí ó dé hàn. Àìrí kì í ṣe àìsí. Ohun tí kò níye lórí ni ilẹ̀ sábà máa ń pa mọ́ fún òpìtàn, ohun tí ó níye lórí sì ni àwọn tí ó ni ín kì í jẹ́ kí ó dé ilẹ̀. Òpìtàn tí ó bá ń wo odidi nìkan, ìtàn àwọn tí ohun ìní wọn kò padà sínú iná ni yóò máa kọ. Èyí tí ó bá tẹríba láti ṣa àfọ́kù ni yóò mọ ohun tí àwọn yòókù jẹ, àti inú ohun tí wọ́n fi sè é.